Ọyẹ́ ń bọ̀: báwo ni kí n ṣe múra adágún ẹja ẹ̀yìnkùlé mi sílẹ̀?

Onílé Lágèrè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń sin ẹja, mo kí yín púpọ̀. Òjò ti dáwọ́ dúró ní ọ̀dọ̀ wa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ àárọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ènìyàn ní ètè, èyí ni mo fi mọ̀ pé ọyẹ́ kò jìnnà mọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nítorí ohun tí ojú mi rí ní oṣù Kìíní tó kọjá, n kò sì fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kejì.

Sìmẹ́ǹtì ni a fi mọ adágún mi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3, omi inú rẹ̀ sì máa ń jìn tó mítà 1, èyí tí ó jẹ́ lítà 12,000, ògiri rẹ̀ sì fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 ga ju omi lọ. Ẹja àrọ̀ nìkan ni mo ń sìn. Ní ọdún tó kọjá, 300 ni mo kó sínú rẹ̀, wọ́n sì ń dàgbà dáadáa títí ọyẹ́ fi dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí òrùlé ilé kejì dáadáa, mo bá eruku lójú omi, omi náà sì ń rùn díẹ̀. Mo rò pé ó ti dọ̀tí, mo ṣí páìpù ìsàlẹ̀, mo jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ ṣàn lọ, mo sì fi omi inú táǹkì méjì tó wà lórí òpó dí i, omi tí a ti fà sókè láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà mo da oúnjẹ sí i ní agogo 6:30 àárọ̀ bí mo ti máa ń ṣe kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́.

Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, púpọ̀ nínú oúnjẹ náà ṣì ń léfòó, ó ti wú, ó sì ti rọ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tún da tuntun sí i, torí mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n tí wọn kò fi ní okun. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti sin ẹja 87 sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń bá mi kà wọ́n, ó sì dùn mí dé egungun.

Ní ọdún yìí, 400 ni mo kó síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí mo mú 10 nínú wọn tí mo gbé wọn sórí ìwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wọn jẹ́ kílò 3, tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí gíráàmù 300. Mo ti ra tẹ̀mómítà kékeré kan. Lónìí, 25°C ni omi wà ní agogo 6 àárọ̀, ó sì di 28°C ní agogo 3 ọ̀sán.

Ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn gbà mí kò bára mu. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n máa hó omi kí n máa dà á sínú adágún ní àárọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n fi tapólíìnì bò ó pátápátá láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì. Ẹnìkẹta ní kí n má fún wọn ní oúnjẹ rárá títí ọyẹ́ yóò fi lọ, ṣùgbọ́n n kò rí bí ẹja tó ṣì ń dàgbà yóò ṣe gbé oṣù méjì láìjẹun tí kò ní yíjú sí jíjẹ èkejì rẹ̀. Ṣé òtútù gan-an ni ó pa ẹja mi, àbí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi.


Ìyá Ẹlẹ́ja Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará wa. Mo mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ènìyàn bá ń fi àwọ̀n kó òkú ẹja tí ó ti fi owó àti oorun rẹ̀ tọ́. Ẹ ní kí a má fi òótọ́ pamọ́, nítorí náà n ó sọ ọ́ bí mo ti rí i: òtútù dá kún un, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Omi tí ẹ pààrọ̀ lójijì ní kùtùkùtù ni ó kọ́kọ́ kọlù wọ́n, oúnjẹ tí wọn kò jẹ ni ó sì parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Gbogbo wa ni a mọ àmù tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sí igun ilé. Omi inú rẹ̀ kì í tutù nígbà òjò tó bí ó ti ń tutù nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fi yìnyín sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀ náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fà á lọ, bí ó sì ti ń fà á lọ ni ó ń gba ooru lára omi tó kù nínú àmù. Ohun kan náà gan-an ni ọyẹ́ ń ṣe sí adágún yín ní òròòru. Afẹ́fẹ́ tó ti aginjù Sàhárà wá kò ní ọ̀rinrin, ó ń fẹ́ kọjá lójú omi, ó ń gbé nínú rẹ̀ lọ pẹ̀lú ooru rẹ̀. Ojú ọ̀run tí kò sì ní kùrukùru òjò ń jẹ́ kí ooru ọ̀sán tú lọ sókè kí ilẹ̀ tó mọ́. Adágún yín jẹ́ àmù ńlá tí a kò dé.

Ní ti táǹkì orí òpó, òtútù a máa tètè mú un ju adágún lọ, torí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yí i ká láti gbogbo ìhà, kò sì sí ilẹ̀ tí yóò bá a pa ooru mọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé omi adágún yín wà ní 23°C ní àárọ̀ ọjọ́ náà, tí ti táǹkì sì ti lọ sílẹ̀ sí 19°C. Ẹ wá da ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà rẹ̀ lé wọn lórí láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ara ẹja kì í dá ooru tirẹ̀ pa mọ́ bíi tiwa. Bí omi bá ti rí ni inú ẹja ń rí. Ẹja tí òtútù bá já lù bẹ́ẹ̀ kò ní jẹun, ara rẹ̀ kò sì ní lè bá àrùn jà.

Omi tó bá ti inú kànga ẹ̀rọ jáde tààrà yàtọ̀ sí èyí. Ilẹ̀ tó jìn kò mọ̀ bóyá ọyẹ́ ń fẹ́ tàbí òjò ń rọ̀. Ní agbègbè wa, omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 26°C tàbí kí ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyẹn tí omi kànga fi máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí wa lára bí a bá fà á ní ìdájí ọyẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi, ẹ ṣí i láti kànga ẹ̀rọ sínú adágún, ẹ má jẹ́ kí ó sùn sí táǹkì mọ́jú. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ọ́síjìn kò pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀, ẹ gbé ẹnu páìpù sókè kí omi máa já bọ́ láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ ju ìdá mẹ́rin kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín agogo 12 sí agogo 3 ọ̀sán ni kí ẹ sì ṣe é, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti tú u, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbin máa ń jókòó sí. Eruku fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ rí lójú omi kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ da ìdajì omi nù. Ẹ fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ gbọ́n ọn kúrò. Òórùn yẹn ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù, kò sì ti ọ̀dọ̀ ọyẹ́ wá, oúnjẹ àná ni ó ń jẹrà.

Ẹ má dán omi gbígbóná wò rárá. Bí ẹ bá hó lítà 100, tí ẹ sì dà á sínú lítà 12,000 tó wà ní 22°C, gbogbo adágún náà kò ní fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i. Ẹ ó ti dá iná, ẹ ó ti ná owó gáàsì, ẹja tó bá sì wà níbi tí omi náà bọ́ sí yóò bó.

Ó wá ku oúnjẹ, òun ni ó sì ká mi lára jù. Ẹja 400 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó gíráàmù 300 jẹ́ kílò 120. Nígbà tí omi bá gbóná, ìwọ̀n oúnjẹ 3 nínú 100 ni mo máa ń fún irú wọn, èyí tí ó jẹ́ kílò 3.6 lóòjọ́. Bí omi àárọ̀ bá ti ń lọ sí 23°C, mo máa ń gé e sí ìdajì, kílò 1.8, bí ó bá sì lọ sísàlẹ̀ 20°C, n kì í fún wọn ní ohunkóhun ní ọjọ́ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwẹ̀ oṣù méjì. Agogo 11 ni mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn, nígbà tí oòrùn bá ti wọ inú omi, n ó sì tún fún wọn ní agogo 4. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń fọ́n ọn. Ohun tí wọn kò bá jẹ láàárín ìṣẹ́jú 15, n ó fi àwọ̀n kó o jáde. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni ó ń mú yín tètè jáde ní ilé, ṣùgbọ́n agogo 6:30 yẹn ni ìgbà tí omi tutù jù, òun náà sì ni ìgbà tí ọ́síjìn inú omi máa ń kéré jù lẹ́yìn òru. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nílé tó lè bá yín fún wọn ní ọ̀sán, ẹ fi lé e lọ́wọ́.


Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Òkèsà, Iléṣà
Ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. N kò rí ẹni tó fi àmù ṣàlàyé rẹ̀ rí, ó sì yé mi ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ.

Mo gbé ní ilẹ̀ Scotland fún ọdún 16 kí n tó padà sí Iléṣà, mo sì ní adágún kékeré lẹ́yìn ilé mi níbẹ̀, tí mo ń sin ẹja koi àti ẹja aláwọ̀ wúrà sí. Mo fẹ́ sọ ohun tí a máa ń ṣe de ìgbà òtútù níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ yìnyín ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fún, ẹni tó bá sì gbé e wá sí ibí láìyẹ̀ ẹ́ wò lè fi pa ẹja rẹ̀. Ó dá mi lójú pé irú ibẹ̀ ni ẹni tó ní kí ẹ má fún wọn ní oúnjẹ rárá ti rí tirẹ̀.

Níbẹ̀, láti oṣù Kẹwàá tí ewé bá ti ń wọ́ ni a ti máa ń na àwọ̀n bo adágún, torí pé ewé tó bá jẹrà sínú omi yóò máa jẹ ọ́síjìn, yóò sì máa tú afẹ́fẹ́ olóró sílẹ̀ lábẹ́ yìnyín. Bí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ 10°C, a kì í fún koi ní oúnjẹ mọ́, nítorí pé kò lè dà á. Yóò lọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ yóò falẹ̀, yóò sì gbé bẹ́ẹ̀ títí ooru yóò fi padà. Omi ní ìwà kan tó ya ènìyàn lẹ́nu: nígbà tí ó bá wà ní 4°C ni ó wúwo jù lọ, nítorí náà omi 4°C ni ó máa ń wà nísàlẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti dì. Inú omi yẹn ni ẹja ń sá sí. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gbẹ́ adágún jìn, tí a sì ń gbé póǹpù kúrò nísàlẹ̀ kí ó má baà po tòkè pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. A tún máa ń fi ihò kan sílẹ̀ lójú yìnyín kí afẹ́fẹ́ olóró lè jáde. Ìkòkò omi gbígbóná ni a ń gbé lé e títí yóò fi yọ́, a kì í fi òòlù fọ́ ọ, torí pé ìró rẹ̀ máa ń ṣe ẹja ní jàǹbá.

Àrọ̀ kì í ṣe koi. Ẹja ilẹ̀ gbígbóná ni. Láàárín 26°C sí 30°C ni ara rẹ̀ máa ń dá jù lọ, kò sì ní oorun ìgbà òtútù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ka òfin 10°C sí ti wa, omi Ifẹ̀ àti ti Iléṣà kò tilẹ̀ ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo gbé bọ̀ láti ọ̀hún tí mo ṣì ń lò níhìn-ín. Èkíní ni pé kí òtútù tó dé ni à ń fọ ìsàlẹ̀ adágún, kì í ṣe inú òtútù. Èkejì ni jíjìn: bí omi bá ti pọ̀ tó ni ó ti ń pẹ́ kí ó tó tutù. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri yín ṣì ní àyè, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 kún omi náà, lítà 1,200 péré ni, ẹ má kàn jẹ́ kí ó kún débi tí ẹja yóò fi fò jáde.

Ní ti tapólíìnì, mo fẹ́ kìlọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ó sì gbọ́dọ̀ máa yọjú gbà á. Bí ẹ bá tẹ́ tapólíìnì lé ojú omi tààrà, ẹ ti dí i nímú. Ẹ fi ọparun tàbí páìpù ṣe àtẹ́lẹ̀ lórí ògiri kí àyè wà láàárín tapólíìnì àti omi, ẹ ṣí etí rẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìhà tí afẹ́fẹ́ kò ti ń wá, ẹ bò ó kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ sì ká a kúrò ní nǹkan bí agogo 9 àárọ̀ kí oòrùn lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ bò ó tọ̀sán tòru fún oṣù mẹ́ta ń gba oòrùn lọ́wọ́ omi. Ní Iléṣà níhìn-ín, tí òkè yí wa ká tí òru wa sì máa ń tutù ju ti Ifẹ̀ lọ, ìbora alẹ́ yìí nìkan a máa jẹ́ kí omi mi fi nǹkan bí ìwọ̀n 2 gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí n kò bò lọ ní ìdájí.

Ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí ilé yín kò bá dí ìhà náà, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà síbẹ̀.


Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Iléṣà
Ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá

Mo fara mọ́ ohun tí àwọn méjèèjì sọ, mo kàn fẹ́ ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe ń pa ẹja, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹja máa ń jẹ àjẹkú náà lọ́jọ́ kejì. Ẹja ń tu amóníà sínú omi láti ara rẹ̀, oúnjẹ tó bá sì jẹrà ń tú u sílẹ̀ bákan náà. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà nínú adágún tí ń sọ amóníà náà di ohun tí kò lóró tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn náà máa ń falẹ̀ bí omi bá tutù. Nígbà ọyẹ́, ẹja kò jẹun tó, oúnjẹ ṣẹ́kù, àwọn kòkòrò tí ìbá tún omi ṣe sì ti rẹlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tètè yanjú ìyẹn ju kí a má da oúnjẹ náà síbẹ̀ lọ. Bí ẹja yín bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lójú omi ní òwúrọ̀ tí kò sì sá nígbà tí ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ dá oúnjẹ dúró ní ọjọ́ náà kí ẹ tó ronú kan oògùn.

Àrùn tí mo máa ń rí jù ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni èyí tí ń hù bí òwú funfun lára ẹja. Ojú ọgbẹ́ ni ó máa ń gbà wọlé, ó sì fẹ́ràn omi tútù. Nítorí náà ni n kò ṣe fara mọ́ àṣà kí a máa fi àwọ̀n kó ẹja wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ọyẹ́. Gbogbo ìgbà tí àwọ̀n bá ha ẹja lára ni a ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ ya àwọn ńlá kúrò lára àwọn kékeré ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí omi ṣì wà ní 25°C, ẹ ṣe é ní ọ̀sán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀. Bí ẹ kò bá yà wọ́n, àwọn ńlá yóò máa ṣá àwọn kékeré jẹ, ọgbẹ́ náà ni yóò sì wá di òwú.

Iyọ̀ wúlò lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà wọ́n tán, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 1 fún lítà 1 ti tó, ìyẹn kílò 12 fún lítà 12,000. Ẹ kọ́kọ́ fi omi yọ́ ọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa bù ú yí adágún ká díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fa omi lọ, wọn kì í fa iyọ̀ lọ. Omi tí ẹ bá tú dànù nìkan ni ó ń gbé e jáde. Ẹni tó bá tún da kílò 12 mìíràn sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì láìtú omi kankan ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, gbogbo ohun tó bá wọ inú omi ni awọ ara rẹ̀ ń fojú kojú pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn èèyàn ní ilé ìtajà oògùn láti dà á sínú adágún. Ọmọ mi kan nínú iṣẹ́ yìí ṣe bẹ́ẹ̀, ó dá mi lágara, ó sì dùn mí.


Ìyá Ẹlẹ́ja Yíyan, Odò-Ògbè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá

Ẹja 400 kò pọ̀ jù nígbà òjò, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọyẹ́ dín wọn kù. Ẹja tó wà ní gíráàmù 300 ni ó rọrùn jù lọ láti ká, kí a fi igi há ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, kí a sì gbé e lé iná. Bí ẹ bá ta 100 nínú wọn kí ọdún Kérésìmesì tó dé, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá ẹja gbígbẹ láti gbé lọ sílé, ẹ ó rí owó oúnjẹ àwọn tó kù, àyè yóò sì gbà wọ́n. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọn yóò tó kílò 1 kí gbogbo wọn tó jáde. Ẹ má sì kó ọmọ ẹja tuntun wọlé títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀; àwọn kékeré ni ọyẹ́ máa ń tètè pa.


Onílé Lágèrè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo sì gba ẹ̀bi mi. Ní àárọ̀ yìí mo gbé tẹ̀mómítà káàkiri ní agogo 6. Omi adágún wà ní 24.5°C, omi táǹkì orí òpó wà ní 22°C, èyí tó sì jáde láti kànga ẹ̀rọ wà ní 27°C. Ọyẹ́ kò tilẹ̀ tíì dé. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń ronú bí ó ti rí fún wọn ní àárọ̀ oṣù Kìíní yẹn.

Mo ti ya àwọn ńlá sọ́tọ̀ ní àná. Èyí tó wúwo jù tó gíráàmù 520, èyí tó kéré jù kò ju 140 lọ, bẹ́ẹ̀ inú adágún kan náà ni gbogbo wọn wà. Mo ta 110 nínú àwọn ńlá, mo sì fi wáyà àwọ̀n pín adágún sí méjì fún àwọn tó kù. Ìyá mi àgbà tó ń gbé pẹ̀lú wa ti gbà láti máa fún wọn ní oúnjẹ ní agogo 11. Ìbéèrè kan ni ó kù mí kù: ṣé kí n ra ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi? Iná mànàmáná wa kì í dúró, n kò sì fẹ́ máa tan jẹnẹrétọ̀ lóru.


Ìyá Ẹlẹ́ja Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá

Ẹ má rà á fún àrọ̀ 290. Omi tútù máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ, àrọ̀ sì ń mí afẹ́fẹ́ òkè pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ẹja epìyà ni ẹ ń sìn, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀. Bí ẹ bá ní owó lọ́wọ́, tapólíìnì tó nípọn ni kí ẹ fi rà. Ẹ bá mi kí màmá.


Onílé Lágèrè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ 21, oṣù Kìíní

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé n ó padà wá sọ bí ó ti rí. Ọyẹ́ náà dé gan-an ní ìparí oṣù Kejìlá, ó lọ díẹ̀, ó sì tún padà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yìí. Àárọ̀ tí omi tutù jù ni ọjọ́ 9, nígbà tí ó wà ní 22°C, ṣùgbọ́n táǹkì orí òpó wà ní 18°C ní wákàtí kan náà. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń tẹ́ tapólíìnì sórí ọparun, mo sì ti fi imọ̀ ọ̀pẹ dí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ìgbà mẹ́ta péré ni mo pààrọ̀ omi, ìdá márùn-ún kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sán, láti kànga ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ 9 àti ọjọ́ 10, màmá kò dúró de mi kí wọ́n tó pinnu, kílò 1 ni wọ́n fún wọn dípò kílò 2, wọ́n ní ẹja náà kò fò sí i bí ó ti yẹ.

Ẹja 4 ni mo pàdánù láti oṣù Kọkànlá. Méjì nínú wọn ní ọgbẹ́ ẹnu èkejì wọn lára, n kò mọ ohun tó pa méjì yòókù. Lónìí, 23°C ni omi wà ní agogo 6, ó di 25.5°C ní agogo 11, wọ́n sì jẹ oúnjẹ wọn tán ní ìṣẹ́jú 12.